Kọ̀rọ̀ Ògiri Bàbá Nọ́ọ̀sì

Báàgì ni nọ́ọ̀sì fi kí ọkùnrin náà lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé. Ó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ nírọ̀lẹ́, ó dé kọ̀rọ̀ ògiri ilé bàbá rẹ̀, níbi tí àwọn jàgùdà ti máa ń dá àwọn obìnrin lọ́nà, ló bá rí ẹnì kan tó fara pamọ́ síbẹ̀. Kò bèèrè ohunkóhun. Ó la báàgì mọ́ ọn lórí, ó figbe ta: "Olè o!"

"Ẹ jọ̀ọ́, mi ò kì í ṣe olè! Ìjọba ló rán mi!"

"Ìjọba ló ní kó o wá lúgọ sí kọ̀rọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹni tó ń bọ̀ lè rí mi ni."

"Ṣé o ti wá mọ̀ báyìí?"

Ọkùnrin náà fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀ tó ti ń wú. "Mo ti mọ̀ dáadáa."

Ẹ̀rín pa nọ́ọ̀sì. Ó mú un jókòó síwájú ilé, ó fi omi tútù rẹ ibi tó wú náà. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ pé ọkùnrin yìí wà lára àwọn tí ìjọba ní kí wọ́n máa ri òpó iná sí àdúgbò, kí wọ́n sì wá gbogbo ibi tí àwọn ọlọ́ṣà ń sá pamọ́ sí. Onímọ́lẹ̀ ni àwọn èèyàn ń pè é.

Láti ìgbà náà, Onímọ́lẹ̀ a máa dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Bí wọ́n bá jọ ń rìn bọ̀, nọ́ọ̀sì a máa fi ibi tí ẹ̀rù ti ń bà á hàn án: ilé ìtajà tó ti di ahoro, ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́, abẹ́ afárá. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ olè tán lẹ́nu wọn, ó ku ọ̀rọ̀ ìfẹ́.

Àmọ́ ògiri bàbá nọ́ọ̀sì yọ gọngọ sójú ọ̀nà, kò sí bí iná ṣe lè tàn dé ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn ará àdúgbò àti ọlọ́pàá ṣèpàdé, wọ́n fẹnu kò pé kí wọ́n wó apá kan níbẹ̀. Onímọ́lẹ̀ ni wọ́n rán sí bàbá.

Bíríkìlà ni bàbá. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi mọ ògiri náà. Inú bí i gidigidi.

"Ọmọ mi lò ń fẹ́, ògiri mi lo tún fẹ́ wó! Má fẹsẹ̀ tẹ ilé yìí mọ́! Ojoojúmọ́ ni mò ń gbabẹ̀ kọjá, kí ló ṣe mí rí?"

"Ọkùnrin ni yín, Bàbá," ni nọ́ọ̀sì sọ.

Ìyá rẹ̀ gbójú sókè. "Bàbá Nọ́ọ̀sì, èmi náà máa ń sáré tí mo bá débẹ̀. Mi ò kàn sọ fún yín ni."

Bàbá pòṣé, ó wọlé lọ.

Nọ́ọ̀sì sunkún títí. "Ṣé o ò lè fi ògiri yẹn sílẹ̀ nítorí mi?" ló bi Onímọ́lẹ̀.

"Nítorí ẹ gan-an ni mi ò fi lè fi í sílẹ̀, olólùfẹ́ mi. Ibẹ̀ lò ń gbà lọ, ibẹ̀ lò ń gbà bọ̀. Àmọ́ má bá bàbá ẹ jà. Màá dúró."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bàbá ń bọ̀ láti ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀. Obìnrin kan wà níwájú rẹ̀. Bí obìnrin náà ṣe dé kọ̀rọ̀, ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́yìn, ló bá ki eré mọ́lẹ̀. Bàtà rẹ̀ kan yọ, kò dúró mú un. Bàbá gbé bàtà náà, ó ń pè é: "Màmá, bàtà yín rèé o!" Bó ṣe ń pè é lobìnrin náà túbọ̀ ń sáré.

Tòun ti bàtà lọ́wọ́ ni bàbá wọlé, ó sì jókòó wọ̀ọ̀. "Ó sá fún mi," ló wí. "Èmi, tí mi ò na ọmọ ẹnikẹ́ni rí."

"Ẹ̀yin kọ́ ló sá fún," ìyá dáhùn. "Kọ̀rọ̀ yẹn ni."

Òòlù ló jí gbogbo ilé láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Bàbá fúnra rẹ̀ ló ń wó ògiri. Nọ́ọ̀sì pe Onímọ́lẹ̀ lórí fóònù, ọkùnrin náà sì sáré dé, ó dúró sí òdìkejì ọ̀nà.

"Kí lò ń wò?" ni bàbá bi í. "Àbí èmi nìkan ni màá wó o?"

Àwọn méjèèjì jọ wó o títí eruku fi bò wọ́n. Nígbà tí wọ́n sinmi, Onímọ́lẹ̀ ní, "Bàbá, mo fẹ́ fi ọmọ yín ṣaya."

"Òun ni kó o bi. Èmi kọ́ lo fẹ́ bá gbélé."

"Mo ti gbà tipẹ́, Bàbá," ni nọ́ọ̀sì dáhùn látẹnu ilẹ̀kùn, kó tó di pé wọ́n bi í.

Ìgbà tí iná tàn lójú ọ̀nà náà ni wọ́n ṣègbéyàwó. Ilẹ̀ ti ṣú kí àwọn obìnrin tó wá bá wọn yọ̀ tó máa lọ sílé. Tọkọtaya náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wo àwọn obìnrin náà bí wọ́n ṣe ń gba ibi tí kọ̀rọ̀ wà tẹ́lẹ̀ kọjá, tí wọ́n ń tàkúrọ̀sọ, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ò sì kánjú.