Ọjà Ti Tú, Máa Bọ̀ Nílé

Mo jókòó ní ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, mò ń mu omi, ni mo bá gbọ́ tí mo ń kọrin lẹ́yìn aṣọ ìkélé.

"Ọmọ ìyá mi o,
ọjà ti tú o,
máa bọ̀ nílé,
mò ń retí rẹ."

Ohùn mi ni, èyí tó máa ń há díẹ̀ níparí. Ṣùgbọ́n n kò kọ irú orin bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Aránṣọ yọjú, ó gbé fóònù dání, ó ń rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ ti di olórin. Ọmọ ọmọ yín ló ṣe ìkànnì ayélujára yìí fún mi. Ẹ wò ó."

Ojú ìkànnì náà dúdú bí inú ààrò. Aṣọ ń yọ nínú òkùnkùn náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń mì bí ẹni pé èèyàn wọ̀ wọ́n. Tí a bá tẹ "Ọjà", aṣọ á yọ. Tí a bá tẹ "Ilé" láti padà síbi tí a ti bẹ̀rẹ̀, ohùn mi á gbé orin. Ká sòótọ́, inú mi dùn, mo tiẹ̀ jó díẹ̀. Àfi bí orí mi ṣe wú lójijì. Ṣebí àwa náà la ń sọ pé ayé lọjà, ọ̀run nilé? Ta wá ni mò ń pè kúrò lọ́jà?

Òpéléńgé ni à ń pe ọmọ ọmọ mi yìí. Tó bá ti iléèwé dé, á lọ kọ́ iṣẹ́ ìkànnì ṣíṣe lọ́dọ̀ ọ̀gá kan. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo dúró dè é nílé.

"Ta lo tọrọ ohùn mi lọ́wọ́ rẹ̀?"

"Màmá, mo gbà á sílẹ̀ nígbà tí ẹ ń fọ abọ́. Kọ̀ǹpútà ti kọ́ ọ, ó lè fi sọ ohun tí ẹ kò sọ rí. Ohun tó wà lóde báyìí nìyẹn. Ọ̀rẹ́ mi ní ìkànnì tí kò bá fọhùn, òkú ni."

"Èyí tó ń fọhùn yìí gan-an ló jọ òkú. Yọ ọ́ kúrò."

"Ọ̀la ni ọ̀gá máa yan ẹni tó máa gbà síṣẹ́ nínú wa, Màmá."

"Yọ ọ́."

Ó ní òun á yọ ọ́. Kò yọ ọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ọmọ àbúrò mi sáré wá pè wá. Ojú àbúrò mi kò ríran mọ́, ibà sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e dè. Ọmọ yìí ń bá a yan aṣọ lórí ìkànnì náà, ó gbé fóònù sórí bẹ́ẹ̀dì, ó lọ ká aṣọ tó sá síta. Àṣé ọwọ́ ìyá rẹ̀ ti kan "Ilé". "Ọmọ ìyá mi" ni mo sì máa ń pe àbúrò mi láti kékeré.

Nígbà tí a débẹ̀, ó ti wẹ̀, ó ti wọ aṣọ funfun, ó kọjú sí ògiri. Kò jẹun, kò lo oògùn.

"Ẹ̀gbọ́n mi ti kú, ẹ fi pa mọ́ fún mi. Wọ́n ti ń pè mí wálé."

"Ta ló kú? Èmi ẹlẹ́jọ́ wẹ́wẹ́ náà nìyí."

Ó faṣọ borí. "Ohùn náà ti tún dé. Mò ń bọ̀, Ẹ̀gbọ́n mi."

Bí mo ṣe ń bẹ̀ ẹ́ tó ló ń múra àtilọ tó. Ohùn wo ni mo tún ní tí n ó fi bẹ̀ ẹ́?

Òpéléńgé kúnlẹ̀. "Màmá kékeré, èmi ni. Mo jí ohùn wọn." Ó mú ọwọ́ àbúrò mi, ó gbé e lé ètè mi, ó sì tẹ fóònù. Orin bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ yẹn ń wá ètè mi kiri.

"Ẹnu wọn pa dé," ni àbúrò mi wí. "Ta ló wá ń kọrin?"

"Ẹ̀rọ ni, mà."

Ó ká aṣọ kúrò lórí. "Ẹ gbé oògùn náà wá."

Níbẹ̀ ni Òpéléńgé ti yọ ohùn náà kúrò. Ọ̀gá rẹ̀ wo ìkànnì tó yadi, ó gba ẹlòmíì síṣẹ́. Ọmọ mi sunkún, mo sì rọra kọrin sí i létí.

Ẹ̀yin ọmọ mi, àrà tuntun kò burú, ẹ máa dá a. Ṣùgbọ́n ẹ tọrọ kí ẹ tó mú. Tí àgbà bá sì ní kí ẹ jáwọ́, ẹ má dúró dìgbà tó bá ṣọṣẹ́. Ẹyin lọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀. Ohùn náà ti wá di ẹyin báyìí.

Ara àbúrò mi ti yá. Ṣùgbọ́n títí dòní, tí mo bá kọrin dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, kì í dáhùn. Á kọ́kọ́ na ọwọ́, á wá ètè mi kàn.