Fóònù Tí Ó Mọ Ọwọ́ Habeebat

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejì oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, ní kété tí òjò ọ̀sán dá, ni Habeebat kọ́kọ́ dúró níwájú ìsọ̀ Àjàlá ní Onípanu. Ìdí iṣẹ́ ni ó ti ń bọ̀. Ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú ni ó ti ń lẹ ìwé pọ̀, ó sì ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu.

"Fóònù tí a ń fọwọ́ tẹ ojú rẹ̀ ni mo fẹ́, èyí tí kò wọ́n," ni ó wí. "Ara Bàbá mi kò yá. Bí wọ́n bá pè mí láti ilé, mo gbọ́dọ̀ lè gbé e."

Àjàlá, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, gbé ọ̀kan fún un, ó sì fi fóònù tirẹ̀ pe nọ́ńbà rẹ̀ kí Habeebat lè dán an wò. Habeebat fi ìka fa ojú fóònù náà lẹ́ẹ̀kíní, ó tún un fà. Kò gbọ́.

"Ẹ nu ọwọ́ yín, Àǹtí."

"Mo ti nù ún. Bí ó ṣe máa ń rí nìyẹn. Gọ́ọ̀mù ti jẹ ẹ́."

Àjàlá wo àwọn ìka náà. Wọ́n le, wọ́n sì ń dán bí ẹni pé wọn kò ní ìlà rí. Kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ mú un lọ. Ẹ lò ó di ọjọ́ Ẹtì, kí ẹ wá sọ bí ó ṣe ṣe sí fún mi."

"Ẹ kò bẹ̀rù pé mo lè gbé e sá lọ?"

"Bí ó ṣe rẹ̀ yín yìí, ibo ni ẹ ó ti rí agbára jalè?"

Ní ọjọ́ Ẹtì, ó padà wá. "Iná rẹ̀ ń pẹ́ kí ó tó tán. Mo ń gbọ́ agogo rẹ̀ nínú ariwo ẹ̀rọ tí ń gé ìwé. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti bọ́ sínú oòrùn, n kì í rí ojú rẹ̀ mọ́. Àwòrán rẹ̀ náà ṣú."

"Ìpè Bàbá ńkọ́?"

"Mo ń gbé òmíràn, òmíràn ń bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Wọ́n rò pé mo ń bínú sí àwọn ni." Ìbànújẹ́ mú un bí ó ti ń sọ ọ́.

Àjàlá gbé òmíràn fún un. Ìyẹn náà kò gbọ́ ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tí Habeebat dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó bá gọ́ọ̀mù gbígbẹ ní gbogbo ìka Àjàlá, tí ó ń fi wọ́n tẹ fóònù kiri. Godspower, tí ó ń ta ṣájà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ń rẹ́rìn-ín.

"Màdáámù, ẹ bá wa mú bùrọ̀dá yìí. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń lẹ ara wọn."

"Kí ni ẹ fi ọwọ́ ṣe?" ni Habeebat bi í.

"Mo fẹ́ mọ bí ó ṣe ń ṣe yín ni." Ó na fóònù kékeré kan sí i. "Èyí ni ó gbọ́ mi jù. Kò lẹ́wà, kò sì yá púpọ̀, ṣùgbọ́n yóò ṣe iṣẹ́ òòjọ́ yín. Mo ti tún ètò rẹ̀ tò kí ó lè máa gbọ́ ọwọ́ líle."

Àjàlá pè é, Habeebat sì fà á lẹ́ẹ̀kan. Ó gbọ́. Àwọn tí ó ti ń wo ọwọ́ rẹ̀ látẹ̀yìn wá kàn ń sọ fún un pé kí ó fi òrí pa á ni. Ìfẹ́ ọkùnrin yìí wọ̀ ọ́ lọ́kàn níbẹ̀.

Kò pẹ́ tí Àjàlá fi ń pè é ní Àbẹ̀kẹ́. Nígbà tí ọdún yí, ó wá sí ilé wọn ní Ladi-Lak láti tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ Bàbá, Àlàájì Àlíyù, akọ̀wé àtijọ́ tí apá kan ara rẹ̀ ti rọ. Ràmọ́nì, ẹ̀gbọ́n Habeebat, ni ó gba ọ̀rọ̀ náà sọ.

"Ará òkè, onígbàgbọ́, ni kí a fún ní ọmọ wa? Bí ó bá sì mú un lọ, ta ni yóò máa gbé Bàbá dìde?"

Òun fúnra rẹ̀ kì í yọjú sí Bàbá bí kò ṣe ọdún Iléyá.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìyá Àjàlá náà kọ̀. Ó ní ìyàwó tí kò ní bá òun jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì kì í ṣe tòun. Ọ̀rọ̀ náà falẹ̀ títí, ó sì sú àwọn méjèèjì.

"Àbẹ̀kẹ́ mi," ni Àjàlá wí, "bí ó bá jẹ́ nítorí Bàbá ni, mo lè kó wá sí Ladi-Lak. Ṣùgbọ́n n kò lágbára ẹ̀bẹ̀ mọ́. Bí o bá ní kí a fi í sílẹ̀, n kò ní bínú."

"Fún mi láyè di ọjọ́ Àìkú."

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú náà, Ràmọ́nì tún bẹ̀rẹ̀. Bàbá gbé ọwọ́ rẹ̀ tí ó yá sókè, ó sì rọra sọ̀rọ̀.

"Ràmọ́nì, ṣé ìwọ ni yóò máa wẹ̀ mí?"

Ràmọ́nì dorí kodò.

"Nígbà náà, jẹ́ kí ẹni tí ó ń wẹ̀ mí sọ ohun tí ó fẹ́."

Habeebat kò sunkún. Agara ti dá a kọjá ẹkún.

"Kọ́ọ̀tù ni a ó ti ṣe é," ni ó wí. "Èmi yóò máa kírun mi, òun yóò máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Ilé yìí ni a ó máa gbé, nítorí n kò ní fi Bàbá sílẹ̀. Ẹ lè má wá, Bùrọ̀dá mi. Ìyá rẹ̀ náà lè má wá. Mo mọ̀ pé yóò máa rẹ̀ mí, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ Àjàlá ni mo fẹ́ kí ó ti máa rẹ̀ mí."