Aṣòfin Tó Lu Olórí Ilé

Ọjọ́ tí àwọn aṣòfin fi àga fọ́ ara wọn lórí ni nọ́ọ̀sì kan kọ́kọ́ rí Mi-Ò-Gbà. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ìlú ń pe aṣòfin yìí, torí kò sí àbá burúkú tí kì í dìde ta kò. Ẹ̀jẹ̀ bo ojú rẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn.

"Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ fi ọ̀pá àṣẹ lu olórí ilé aṣòfin," nọ́ọ̀sì wí, bó ṣe ń rán iwájú orí rẹ̀.

"Òótọ́ ni. Ó fẹ́ gba oko àwọn èèyàn mi fún iléeṣẹ́ símẹ́ńtì. Inú bí mi."

Ọkùnrin tí kì í purọ́ yìí wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, aṣòfin ti ń pè é ní Ìfọ̀kànbalẹ̀ mi.

Bàbá nọ́ọ̀sì, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, fajú ro. "Ọmọ mi, ọwọ́ tó na olórí ilé, ọjọ́ wo ni kò ní na ìyàwó?"

"Bàbá, ó nífẹ̀ẹ́ mi."

"Èmi ò sọ pé kò nífẹ̀ẹ́ rẹ."

Nígbà tí àbá oko náà tún dé ilé aṣòfin, Mi-Ò-Gbà ka orúkọ àwọn tó fẹ́ pín ilẹ̀ náà síta. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, àwọn jàǹdùkú wá a dé ilé àna rẹ̀. Wọn ò bá a. Wọ́n fi irin ṣẹ́ bàbá arúgbó lápá nínú pálọ̀ rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì di aṣọ aṣòfin mú. "Má lọ. Mo bẹ̀ ọ́."

"Wọ́n fọwọ́ kan bàbá wa."

Ó já ara rẹ̀ gbà. Ó ká olórí jàǹdùkú mọ́ ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì, ó sì fi irin lù ú títí kò fi mira mọ́.

Ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì ni wọ́n gbé olórí jàǹdùkú náà wá. Nọ́ọ̀sì dá ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn dúró, ó fa omi sí i lára. Ìgbà tó gbójú sókè, Mi-Ò-Gbà ló dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Nítorí rẹ ni mo ṣe ṣe é."

"Bàbá mi ò rán ọ. Èmi náà ò rán ọ." Omijé bọ́ lójú rẹ̀. "Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, mi ò ní tàn ọ́. Ṣùgbọ́n mi ò lè fẹ́ ọ mọ́, olólùfẹ́ mi."

Mi-Ò-Gbà jókòó sórí bẹ́ńṣì títí àwọn ọlọ́pàá fi dé. "Èmi ni mo lù ú," ló sọ fún wọn.

Nígbà tí mọ́tò ọlọ́pàá lọ tán, nọ́ọ̀sì sunkún díẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ó nu ojú, ó padà sídìí bẹ́ẹ̀dì, torí ọkùnrin tó ṣẹ́ bàbá rẹ̀ lápá ti lajú, ó ń bèèrè omi.