Tàkúté Tí Kò Ní Àmì

Ọdẹ kan wà tí wọ́n ń pè ní Kò-bọ́-rí, nítorí ẹran kì í bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ebi ló ń lé àwọn kan lọ sóko ọdẹ. Ìgbádùn ni fún àwọn mìíràn. Òfin ọdẹ kò sì dọ́gba láti ilẹ̀ dé ilẹ̀. Ní ti àwọn ọdẹ ibi tí ọkùnrin yìí ń gbé, ẹni tó bá dẹ tàkúté gbọ́dọ̀ ṣá igi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lámì kí ènìyàn má baà kó sí i. Ó sì gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́, kí ìyà ẹran má baà pẹ́.

Kò-bọ́-rí pa méjèèjì tì. Ó ní àmì ló ń fi ẹran òun han olè.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, káfíńtà tó mọ Olúwa, kìlọ̀ fún un.

“Àbúrò mi, ẹran tó ń ké láti àárọ̀ dé àárọ̀ yẹn, Ẹni tó dá a ń gbọ́ o. Ronú pìwà dà.”

“Bọ̀dá mi, ṣé kí n máa tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹran ni? Ẹ lọ wàásù fún pákó yín jàre, òun ló ní sùúrù.”

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, káfíńtà lọ wo igi tó fẹ́ gé nínú igbó. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyàwó rẹ̀ já wọ ilé ọdẹ.

“Ọkọ mi, ẹ̀gbọ́n yín kò sùn sílé o!”

Ọdẹ sáré wọ igbó. Ó gbọ́ ìkérora níwájú, níbi tó dẹ tàkúté sí. Òun nìkan ló mọ ohun tó wà níbẹ̀.

Irin tàkúté ti gé ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé egungun. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni sípíríǹgì yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ kó tó ṣí i.

Ní ilé ìwòsàn, dókítà wo ẹsẹ̀ náà, ó mi orí, ó ní ẹ̀jẹ̀ tó ti dà pọ̀ jù.

“Mo ké títí ohùn mi fi há,” ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ. “Mo mọ̀ pé tìrẹ ni, torí kò lámì. Mo ti dárí jì ọ́. Ó ku ìwọ àti Jésù.”

Ọdẹ dọ̀bálẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì láàárín bẹ́ẹ̀dì méjì.

“Jésù, èmi ni. Mo ń gbọ́ igbe àwọn ẹran náà, mo sì ń dijú. Ṣàánú mi.”

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbọ́ àdúrà náà. Kí ọ̀sán ọjọ́ kejì tó pọ́n, ó ti kú.

Kí wọ́n tó sin ín, ọdẹ ti tú gbogbo tàkúté rẹ̀. Kristi gbà á, ó sì dárí jì í ní tòótọ́. Síbẹ̀, àga káfíńtà náà ṣófo.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, bóyá o kò wọ igbó rí. Ta ló ń jìyà ohun tí o ṣe, tí o kò padà lọ wò? Ọlọ́run ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ Jésù tó láti wẹ̀ ọ́. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà, dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀ náà, kí o bẹ̀ Ẹ́ lónìí. Lẹ́yìn náà, dìde lọ bá ẹni tí o ṣẹ̀, nígbà tó ṣì lè dá ọ lóhùn.