Àwòrán Ọkùnrin Orí Igi Máńgòrò

Nígbà tí Ọlọ́run dá igi, ó dá àsìkò mọ́ ọn: àsìkò òdòdó, àsìkò èso, àti àsìkò tí ewé nìkan kù. Ó dá àsìkò mọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ènìyàn pẹ̀lú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwa kì í sábà dúró dè é. Ìlú Rajshahi, létí odò Padma, ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, níbi tí a ti ń fi ìkórè máńgòrò ka ọjọ́ orí ọmọ.

Tahsina wà ní ọdún tó kẹ́yìn ní ẹ̀ka iṣẹ́ ìròyìn ní yunifásítì. Ó lọ ya àwòrán ìkórè fún ìwé ìròyìn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń tẹ̀ jáde. Bó ti wọ oko Bàbá Hashem, ó gbójú sókè, ó sì rí ọkùnrin kan lórí ẹ̀ka igi, ọ̀pá ọparun aláwọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀, oòrùn ń yọ́ wò ó láàárín ewé, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí igi ń bá ṣàwàdà. Jubayer ni, ọmọ olóko.

"Ẹ dúró bẹ́ẹ̀, ẹ má mira!"

"Ẹ̀ka yìí kò gbọ́ tiyín o, akọ̀ròyìn. Ẹ yára, kí n tó já lé yín lórí."

"Ẹ̀yin kọ́ ni mò ń yà, máńgòrò ni."

"Ẹ̀n-ẹ́n? Máńgòrò wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ọwọ́ òsì lẹ ń wò."

Láti ọjọ́ náà, kò sí ọ̀sẹ̀ tí Tahsina kì í rántí ìbéèrè kan tó gbàgbé láti bèèrè lóko. Bàbá Hashem fúnra rẹ̀ ń pa Gopalbhog, irú máńgòrò tó dùn jù, mọ́ dè é.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ipò olóòtú ìwé ìròyìn náà kan Tahsina, Shovon, ọ̀rẹ́ rẹ̀, kọ ìròyìn nípa àwọn oníṣòwò tó ń fi oògùn mú èso pọ́n tipátipá. Ìwé fẹ́ wọ ẹ̀rọ, kò sí àwòrán. Ọwọ́ Tahsina lọ tààrà síbi tí ojú rẹ̀ ti máa ń lọ, àwòrán Jubayer lórí igi. "Máńgòrò ṣáà ni máńgòrò," ló wí.

Báyìí ni ojú Jubayer ṣe jáde lábẹ́ àkọlé "Májèlé Nínú Èso". Ìròyìn náà tàn dé Dhaka, olú-ìlú, àwọn oníbàárà ibẹ̀ sì dá ọkọ̀ akẹ́rù wọn padà. Èso ń jábọ́, ó ń jẹrà nílẹ̀.

"Ẹni tí mò ń pa Gopalbhog mọ́ dè!" ni Bàbá Hashem wí. "Kó má tẹ oko yìí mọ́!"

Jubayer kò pariwo. "Nínú gbogbo ìbéèrè tó o wá bèèrè, o kò bi mí bóyá o lè fi ojú mi síbẹ̀."

Òfin Olùkọ́ Matiur, tó ń bójú tó ìwé ìròyìn náà, ni pé ibi tí àṣìṣe bá ti jáde ni àtúnṣe yóò ti jáde, ní títóbi kan náà, kí ẹni tó ṣe é sì fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e tọ ẹni tó ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni olóòtú ńlá kan láti Dhaka ń bọ̀ wá mú akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo síṣẹ́.

"Fi sí ojú-ewé kẹrin, kó kéré bí èékánná," ni Shovon wí. "Ta ni yóò rí i?"

"Bàbá Hashem."

Ojú-ewé kìíní ló gbé e sí, àwòrán kan náà, títóbi kan náà: "Ọkùnrin yìí kò fi oògùn kan èso rí. Èmi, Tahsina, ni mo fi àwòrán rẹ̀ síbi tí kò yẹ, láìbéèrè." Ó gbé e lọ sọ́jà máńgòrò, níbi tí Bàbá Hashem àti Jubayer pàtẹ sí, ó gun orí apẹ̀rẹ̀ tí a dojú rẹ̀ dé, ó kà á.

"Tún un kà, ọmọbìnrin! Ará ẹ̀yìn kò gbọ́!" ni ẹnì kan ké láàárín èrò.

Ó kà á títí ohùn fi há. Ni oníbàárà kan bá bèèrè pé, "Apẹ̀rẹ̀ ti Hashem dà?" Kí oòrùn tó kan àtàrí, kò ku apẹ̀rẹ̀ kan.

Bàbá Hashem na máńgòrò kan sí i. "Jẹ ẹ́ lójú wọn, kí wọ́n rí i pé kò sí májèlé níbẹ̀."

Ó jẹ ẹ́, omi èso àti omijé jọ ń ṣàn dé ìgbúnwọ́ rẹ̀.

"Akọ̀ròyìn," ni Jubayer wí, "ìbéèrè wo lo tún gbàgbé?"

"Ọ̀kan ló kù. Ṣé mo lè gbé àwòrán yìí kọ́ sílé mi?"

"Bí ẹni inú rẹ̀ bá máa bá a lọ ni."

Olóòtú Dhaka mú Tahsina. Ó ní ẹni tó lè tẹ ìtìjú ara rẹ̀ ní lẹ́tà ńlá kò ní parọ́ fún òun. Rajshahi ló ti ń ránṣẹ́ ìròyìn sí i. Òun àti Jubayer ṣègbéyàwó nígbà tí máńgòrò yọ òdòdó. Olùkọ́ Matiur ti fẹ̀yìntì. Shovon ló ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní òfin àtúnṣe báyìí. Bàbá Hashem ń ka ìwé ìròyìn láràárọ̀, ibi àtúnṣe ló sì ti ń bẹ̀rẹ̀.