Akàn Tí Wọn Kò Tà fún Bàbá Aránṣọ

Òkun ni ọmọge aránṣọ kọ́kọ́ rí, kó tó rí ọkùnrin tí ọkàn rẹ̀ yóò fà sí. Ó gbé ẹsẹ̀ lé pákó ilé oúnjẹ etí omi, ó gbójú sókè, ó sì gbàgbé pé ebi ń pa òun. Omi lọ títí, ó lọ pàdé ọ̀run níbi tí ojú kò tó mọ́. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, kò sì rántí pa á dé.

"Panu dé, kí eṣinṣin má wọlé," ni bàbá rẹ̀ wí. Káfíńtà ni bàbá yìí. Ibẹ̀ ni òun àti ìyá aránṣọ tó ti di olóògbé ti máa ń wá jẹ akàn, ó sì ti pẹ́ tó ti ń ṣèlérí pé òun yóò mú ọmọ òun wá.

Níbẹ̀, oníbàárà ló ń yan ohun tó fẹ́ jẹ láàyè, nínú ọpọ́n ńlá tí omi òkun kún. Bàbá na ìka sí akàn tó tóbi jù. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó dúró ti ọpọ́n náà, tó ká ṣòkòtò dé orúnkún, gbé akàn ọ̀hún, ó yí ikùn rẹ̀ sókè. Ẹyin ṣù mọ́ ọn nísàlẹ̀.

"Ẹ má bínú, bàbá. Èyí ò ṣé tà. Ó gbé ọmọ."

"Ṣé èmi ni mo fún un lóyún ni?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Olónjẹ, tó ni ibẹ̀, tó sì bí ọ̀dọ́mọkùnrin náà, rẹ́rìn-ín títí gèlè rẹ̀ fi tú. Ṣùgbọ́n òfin ilé náà kò yí padà: akàn tó bá gbé ẹyin, omi ni yóò padà sí. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí omi. Aránṣọ kò mọ̀gbà tí ẹsẹ̀ òun tẹ̀ lé e.

Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀, ó tú akàn sílẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń tẹ́ ọmọ tó ti sùn sórí ibùsùn. Ìgbì kan wá, ó gbé e lọ. Aránṣọ wo omi ńlá yẹn, ó wo ọwọ́ tó rọra ṣe bẹ́ẹ̀, ọkàn rẹ̀ kún, omijé sì lé ròrò sí i lójú.

"Kí ló dé tó o fi ń sunkún? Akàn mìíràn wà."

"Ta ló ń sunkún? Iyọ̀ inú omi ni."

"Iyọ̀ tí kò tíì ta sí ẹ lára?"

"Ìwọ aláakàn yìí, ẹnu ẹ mú jù."

"Ọwọ́ mi rọ̀ ṣá. Padà wá, wàá rí i."

Ó padà wá. Ọjọ́ ìsinmi tó bá ti ráyè, bọ́ọ̀sì àárọ̀ ló ń wọ̀. Ọkùnrin náà kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń mú akàn látẹ̀yìn. Aránṣọ náà bá a lẹ ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀ tó ti gbó. Nígbà mìíràn wọ́n á kàn jókòó, wọ́n á máa wo bí oòrùn ṣe ń wọ inú omi lọ. Ó máa ń ya aránṣọ lẹ́nu pé èèyàn lè ní irú èyí lójoojúmọ́, kó má sì ya wèrè fún ayọ̀.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ di ti ìgbéyàwó, bàbá fárígá.

"Ẹni tó ń da ọjà ẹ̀ sómi, kí ló máa fi bọ́ ìyàwó? Rárá o!"

"Bàbá, ẹ bá mi lọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀ tẹ́ ẹ ṣì ní rárá, mo gbà."

Ọ̀rọ̀ ńlá ló sọ yẹn. Kò lè fẹ́ ẹni tí bàbá rẹ̀ kọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò lè gbàgbé ọkùnrin náà láéláé. Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ títí wọ́n fi dé.

Bàbá jẹun. Akàn dùn, ó kọ̀ kò sọ pé ó dùn. Ọkùnrin náà dúró ti tábìlì, òógùn bò ó. Oòrùn ti ń wọ̀ lọ nígbà tí omi ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Ẹja kéékèèké tí kò lóǹkà fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ń dán nínú oòrùn ìrọ̀lẹ́, wọ́n já sómi, wọ́n tún fò, gbogbo etíkun látòkè dé ìsàlẹ̀. Àwọn oníbàárà dìde. Ìyá Olónjẹ, tó darúgbó sétí omi náà, fọwọ́ lérí fún ìyanu.

Bàbá ṣí fìlà.

"Ìyá ẹ ò rí irú èyí rí," ló wí. "Gbogbo ìgbà tá a wá, a ò rí i." Ó jókòó wọ̀ọ̀. "Ọmọ mi, kì í ṣe tìtorí akàn. Tó o bá lọ, ta ni màá máa bá jẹun?"

Gbogbo nǹkan ni aránṣọ ti rò, kò ro ìyẹn. Ó kúnlẹ̀, ó di ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ mú. Ọkùnrin náà kúnlẹ̀ tì í.

"Bàbá, mi ò fẹ́ gbà á lọ́wọ́ yín. Ọ̀dọ̀ wa, ilé tiyín náà ni. Tẹ́ ẹ ò bá sì lè filé sílẹ̀, àwa la máa wọ bọ́ọ̀sì wá bá yín, gbogbo ọjọ́ ìsinmi."

"Ṣé ẹ rò pé ẹ̀yin nìkan ni?" Ìyá Olónjẹ dá sí i. "Látìgbà táwọn ọmọ yìí ti ń jókòó woòrùn, èmi náà ni mò ń dá jẹun."

Bàbá rẹ́rìn-ín tòun ti omijé. "Bi í fúnra ẹ, níṣojú mi," ló sọ fún ọkùnrin náà.

"Olólùfẹ́ mi, ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Mo ti ń fẹ́ ẹ tipẹ́," ni aránṣọ wí.

Bàbá nu ojú, ó dìde, ó fa àga kan yọ fún Ìyá Olónjẹ.

"Ẹ jókòó, àna mi. Kò sẹ́ni tó máa dá jẹun mọ́."