Sátidé Méjì Tí Mo Pa Rẹ́

"Àǹtí mi, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ọmọ mẹ́rin ló ń bì láti àárọ̀. Ẹ̀yin náà rí wọn."

Àbúrò mi obìnrin ló ń sọ̀rọ̀. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì mi nínú yàrá tí àwa ọmọbìnrin mẹ́rìndínlógún ń sùn nílé-ìwé wa. Ìwé wà lórí ẹsẹ̀ mi, pẹ́ńsùlù wà lọ́wọ́ mi.

"Sátidé la wà yìí," ni mo dá a lóhùn. "Màmá Ṣíbí kì í dáná ní Sátidé."

"Ìdí tí mo fi ní kí ẹ kọ ọ́ gan-an nìyẹn."

Mo kọ ọ́ tìbínú-tìbínú, kó lè fi mí sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí mo jẹ́ nígbà náà, kí ẹ lè rí mi bú dáadáa. Láti kíláàsì àkọ́kọ́ ni mo ti ń gba ipò kìíní. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni àwọn ẹgbẹ́ mi ń pè mí, èmi òmùgọ̀ sì gbà pé bẹ́ẹ̀ ni mo rí. Àbúrò mi, ọmọ ọdún méjìlá, kì í gba ipò kankan, àmọ́ tó bá ti bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè, àfi kéèyàn sá fún un.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ táàmù ni inú rírun ti wọ ilé-ìwé wa. Lónìí ọmọ méjì, lọ́la kò sí ẹnì kankan, lọ́tùnla ọmọ márùn-ún. Olùkọ́ wa tó ń kọ́ wa ní sáyẹ́ǹsì, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í pariwo, sọ ọ́ di iṣẹ́ ìwádìí fún kíláàsì wa. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin la máa fi kọ ọ́ sílẹ̀ lójoojúmọ́: ẹni tó ṣàìsàn, ohun tó jẹ, bí omi ẹ̀rọ ṣe rí, ẹni tó dáná.

"Ọjọ́ tí ara gbogbo yín bá le, ẹ kọ ìyẹn náà," ni ó wí. "Bí ẹ bá sì ti ní èrò kan lọ́kàn, ohun tó máa já èrò náà nírọ́ ni kí ẹ máa wá kiri. Bí ẹ bá wá a títí tí ẹ kò rí i, ẹ wá lanu sọ̀rọ̀."

Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá dára jù ló máa ṣojú ilé-ìwé wa níbi ìdíje kan. Èmi ti rí ara mi lórí pèpéle.

Ọjọ́ mẹ́ta péré ni mo fi mọ ọ̀daràn. Màmá Ṣíbí ló ń dáná fún wa láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè. Ẹlòmíràn ló ń dá ti Sátidé àti Sọ́ńdè. Iná ti jó ọwọ́ Màmá Ṣíbí méjèèjì nígbà kan rí, awọ ibẹ̀ ki, ó ń dán, àwọn ọmọ kan sì máa ń yí ojú kúrò tó bá ń bu oúnjẹ fún wọn. Ká má purọ́, mo tún ní in sínú. Lọ́jọ́ kan tí mo fẹ́ já ìlà gba oúnjẹ, ó na ṣíbí gígùn rẹ̀ sí mi, ó ní, "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ̀yìn lọ́hùn-ún ni ìlà ti bẹ̀rẹ̀ o." Gbogbo yàrá ìjẹun fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀rín wó.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin pé, ọjọ́ mẹ́sàn-án ni àìsàn fi ṣe wa. Méje bọ́ sí ọjọ́ Màmá Ṣíbí. Méjì tó kù jẹ́ Sátidé. Ọjọ́ mẹ́tàlá mìíràn sì wà tí obìnrin náà dáná tí kò sẹ́ni tí nǹkan kan ṣe, àmọ́ mi ò kọ ìyẹn rárá. Mo wo Sátidé méjèèjì títí. Wọ́n ń ba iṣẹ́ mi tó dára jẹ́. Mo mú rọ́bà, mo pa wọ́n rẹ́, mo fẹ́ ìdọ̀tí rẹ̀ dànù.

Mo ṣàlàyé iṣẹ́ mi níwájú kíláàsì, mo ní ọwọ́ Màmá Ṣíbí ni àìsàn ti ń wá. Olùkọ́ wa gbọ́ ọ tán, ó ní, "Àwọn ọjọ́ tí ìyá yìí kò sí lẹ́nu iṣẹ́ ńkọ́?"

"Kò sẹ́ni tó ṣàìsàn, sà."

"Ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú, sà."

Ọ̀rọ̀ náà dé etí ọ̀gá àgbà. Kí ọjọ́ náà tó parí, wọ́n ti lé Màmá Ṣíbí. Mo rí i tó ń gba ẹnu ọ̀nà jáde pẹ̀lú ṣágo omi kan àti báàgì kékeré. Àwọn ọmọ kan hó lé e lórí. Èmi náà hó.

Àbúrò mi wá bá mi nírọ̀lẹ́. "Àǹtí mi, àwọn Sátidé yẹn ńkọ́?"

"Wá ibì kan jókòó sí, jàre."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mí. Kò fẹ́ tú mi fó, kò sọ fún olùkọ́ wa.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá láìsí aláìsàn, wọ́n ń kí mi kú iṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ tó ń fa omi sínú táǹkì ńlá ẹ̀yìn ilé-ìwé bàjẹ́, omi wá lọ sílẹ̀ gan-an. Ní ọjọ́ kẹta, ọmọ méjìlélógún ló dùbúlẹ̀. Àbúrò mi wà lára wọn. Ó ń bì, ó ń yàgbẹ́, ojú rẹ̀ jìn wọnú. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n fa omi sí i lára. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, dókítà jáde wá, ó ń wo ilẹ̀.

Yéè! Àbúrò mi kan ṣoṣo ti lọ.

Ìyá wa dé, ó di apá mi mú. "Ìwọ lo wà níbẹ̀. Kí ló ṣe ọmọ mi?"



Àwọn wolé-wolé dé, wọ́n gun orí táǹkì. Ìdérí rẹ̀ ti fọ́, òkú eku sì ti jẹrà sísàlẹ̀ omi. Bí omi bá kún, àìsàn kì í le púpọ̀. Bó bá ti lọ sílẹ̀, ìdọ̀tí yẹn gan-an ni omi ẹ̀rọ ń gbé wá fún wa. Ní Sátidé méjèèjì tí mo pa rẹ́, omi lọ sílẹ̀. Ká ní mo fi wọ́n sílẹ̀, olùkọ́ wa ì bá ti mọ̀ pé kì í ṣe ọwọ́ obìnrin náà.

Mo jẹ́wọ́ fún olùkọ́ wa. Ó jókòó sórí àga akẹ́kọ̀ọ́, ó ní, "Èmi náà jẹ̀bi. Mo bi ọ́, mi ò yẹ ìwé rẹ wò." Ó mú mi lọ sílé Màmá Ṣíbí.

Aṣọ àwọn ẹlòmíràn ló ń fọ̀ nínú àgbàlá. Mo kúnlẹ̀, mo rò gbogbo rẹ̀ tán. Màmá Ṣíbí ń fọ aṣọ lọ.

"Mo sọ fún wọn nígbà méjì pé ìdérí táǹkì ti fọ́," ni ó wí. "Wọn ò dá mi lóhùn. Mo rí ìwọ tó ò ń fi ìwé rìn kiri, mo ní, ọmọ yìí á bi mí. O ò bi mí." Ó fún aṣọ ọwọ́ rẹ̀. "Àbúrò rẹ bi mí ní tiẹ̀. Ó ní kí ló dé tí omi ń rùn nígbà mìíràn. Ó ní òun á sọ fún ẹ̀gbọ́n òun, pé ẹ̀gbọ́n òun mọ̀wé."

Ó sọ fún mi lóòótọ́. Mo ní kó má dí mi lọ́wọ́.

Wọ́n bẹ Màmá Ṣíbí kó padà sẹ́nu iṣẹ́, ó kọ̀. Mo sọ òótọ́ fún ìyá wa. Kò nà mí, kò bú mi. Ó kàn dìde, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ mi, mo mọ ẹ̀kọ́ olùkọ́ wa lórí, mo lè kà á fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí mi ò fẹ́ ni kí ó já èmi fúnra mi nírọ́. Bí ẹ bá rí ohun tó ta ko èrò yín, ẹ má fi pa mọ́. Ẹni tí ẹ bá fẹ̀sùn kàn, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè. Ojú lè tì yín díẹ̀. Ó sàn kí ojú tì yín ju kí ẹ máa bá ìyá yín jókòó lójoojúmọ́, kí òun náà sì mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ mọ̀ tí ẹ kò sọ.